Bí a ṣe ń ṣí ìwé ìlera fún gbogbo obìnrin inú ilé, láti ọmọ ọdún 9 títí dé ìyá àgbà

"Ọjọ́ wo ni ẹ rí nǹkan oṣù yín kẹ́yìn?" Ìbéèrè tí nọ́ọ̀sì máa ń kọ́kọ́ bi obìnrin nìyẹn ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé, yálà ní Àkúrẹ́ ni tàbí ní ìlú Oǹdó. Ọ̀pọ̀ nínú wa á gbójú sókè, á máa ka ìka, á wá ní "á ti tó oṣù kan tàbí méjì." Bẹ́ẹ̀, ọjọ́ yẹn ni wọ́n fi ń ṣírò oyún. Òun ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ tó ń wá jẹ́ ti oṣù àbí ti àìsàn.

Ohun tó ká mi lára ni pé ìgbà oyún nìkan ni ojú wa máa ń wà lára obìnrin. Bó bá ti fẹ́ra kù, gbogbo ẹbí á dìde: má gbé nǹkan wúwo, jẹun dáadáa, jókòó. Tí a bá ti sọ ọmọ lórúkọ tán, ojú ti kúrò lára ìyá. Ọmọ ọdún 13 tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń dínkù lóṣooṣù, màmá ẹni ọdún 58 tó tún rí ẹ̀jẹ̀ lára ìró rẹ̀, ta ló ń bi wọ́n léèrè? Ìwé tí a fẹ́ ṣí yìí, tiwọn náà ni.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ojú ewé àkọ́kọ́

Ẹ ra ìwé bíi ti ọmọ iléèwé, ọ̀kan fún obìnrin kọ̀ọ̀kan. Ẹ má kó gbogbo ilé sínú ìwé kan ṣoṣo. Ọ̀rọ̀ ara obìnrin, àṣírí rẹ̀ ni. Ọmọ ọdún 14 kò ní kọ òótọ́ sínú ìwé tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin lè ṣí wò.

Ẹ kọ orúkọ, ọjọ́ ìbí, irú ẹ̀jẹ̀, jẹ́nótáìpù, oògùn tí ara rẹ̀ kì í gbà, àti iṣẹ́ abẹ tí wọ́n bá ti ṣe fún un. Ẹ kọ àìsàn tó wà nílé ìyá àti nílé bàbá pẹ̀lú: ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, jẹjẹrẹ ọyàn. Ìyá àgbà tí kò bá mọ ọjọ́ ìbí rẹ̀, ẹ fi ìṣẹ̀lẹ̀ wọ̀n ọ́n: ṣé wọ́n ti ń rìn nígbà tí Nàìjíríà gba òmìnira ní 1960? Ṣé wọ́n ti wọlé ọkọ nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ní 1976?

Jẹ́nótáìpù, ilé àyẹ̀wò méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kí ẹ ti ṣe é, torí àṣìṣe máa ń wà. Bí AS bá fẹ́ AS, oyún kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá ní, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé kí ọmọ náà jẹ́ SS, ìyẹn ẹni tó ní àìsàn inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní sickle cell. Kí ọmọ mọ̀ ọ́n kí ìfẹ́ tó wọ̀ ọ́ lára.

Ìgbésẹ̀ kejì: ọmọbìnrin

Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa kọ sínú ìwé ọmọ ni abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV. Kòkòrò tí abẹ́rẹ́ yìí ń dènà ló ń fa jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ. Ní oṣù kẹwàá 2023 ni Nàìjíríà mú un wọ inú àwọn àjẹsára tí ìjọba ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́. Ìpínlẹ̀ Oǹdó wà nínú ìpele kejì, tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù karùn-ún 2024. Ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ni wọ́n ń gún un fún, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn kan ń sọ kiri pé kì í jẹ́ kí ọmọ bímọ lọ́la. Irọ́ ni. Ẹ gbé ọmọ lọ, ẹ kọ ọjọ́ náà sílẹ̀, ẹ sì tọ́jú káàdì rẹ̀.

Nǹkan oṣù sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ọdún 9 sí 15. Ẹ sọ fún ọmọ kó tó dé, kó má bàa rò pé òun fi ara pa. Bó bá pé ọdún 15 tí kò tíì rí i, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Bó bá ti ń rí i, kó máa kọ ohun mẹ́ta lóṣooṣù: ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tó parí, iye páàdì tó lò lóòjọ́. Láti ọjọ́ kìíní nǹkan oṣù kan dé ọjọ́ kìíní èyí tó tẹ̀ lé e, ọjọ́ 21 sí 35 ló dáa fún àgbàlagbà. Ti ọmọdé lè gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ọdún méjì mẹ́ta àkọ́kọ́. Bí ẹ̀jẹ̀ bá kọjá ọjọ́ 7, bí páàdì bá ń kún fọ́fọ́ láàárín wákàtí kan tàbí méjì, bí ẹ̀jẹ̀ dídì bá ń jábọ́, tàbí tí ojú ọmọ bá ń ṣú, ilé ìwòsàn ti yá.

Àwọn àgbà máa ń sọ nípa inú rírun pé "bó bá bímọ, á lọ." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọ̀rọ̀ yẹn dá ọmọ dúró. Ìrora díẹ̀ kò burú, oògùn bí ibuprofen máa ń dín in kù fún ẹni tí kò ní ọgbẹ́ inú. Ṣùgbọ́n ìrora tó ń gbé ọmọ dùbúlẹ̀ tí kò lè lọ síléèwé lóṣooṣù, ó ní ohun tó ń fà á, ó sì ní ìtọ́jú. Nínú àgbà, ó lè jẹ́ ìju, èyí tí dókítà ń pè ní fibroid.

Fún ẹ̀jẹ̀: ẹ̀wà, ẹja, ẹ̀dọ̀, ẹ̀fọ́ ṣọkọ àti tẹ̀tẹ̀ tó pọ̀ l'Ọ́jà Ọba. Kí ó fi ọsàn tẹ̀ lé e, torí ọsàn máa ń jẹ́ kí ara rí èròjà ẹ̀jẹ̀ inú ẹ̀fọ́ fà. Tíì kò bá a lọ. Kó jìnnà sí àsìkò oúnjẹ.

Ìgbésẹ̀ kẹta: kí oyún tó dé

Obìnrin tó ń gbèrò oyún, kó ti máa lo folic acid 0.4 mg lójoojúmọ́ kó tó lóyún, kó sì lò ó títí oyún á fi pé ọ̀sẹ̀ 12. Ó ń dín àléébù ọ̀pá ẹ̀yìn àti ọpọlọ ọmọ kù, ẹ̀yà ara tó ti ń yọ kí ìyá tó mọ̀ pé òun lóyún rárá. Kó yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún HIV àti hepatitis B. Ìfètòsọ́mọbíbí ní oríṣiríṣi, ti ẹnì kan yàtọ̀ sí ti ẹnì kejì. Ẹ béèrè lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì, ẹ sì kọ ọjọ́ tí wọ́n fi í sí i àti ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Bí oyún kò bá dé lẹ́yìn ọdún kan, tàbí oṣù mẹ́fà fún ẹni tó ti lé ní ọdún 35, ọkọ àti ìyàwó ni kó jọ lọ ṣe àyẹ̀wò. Kí ìyàwó máa nìkan jókòó níwájú dókítà, ìyẹn kò bójú mu.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: oyún àti ìgbà ọmọ tuntun

Ọjọ́ tí ẹ kọ sílẹ̀ ló máa wúlò báyìí. Ẹ mú ọjọ́ àkọ́kọ́ nǹkan oṣù tó kẹ́yìn, ẹ fi ọjọ́ 7 kún un, kí ẹ wá fi oṣù 9 kún un. Bó bá jẹ́ ọjọ́ 10 oṣù kẹta ni, ọjọ́ 17 oṣù kejìlá ni ẹ máa retí ọmọ. Nǹkan oṣù tó ń lọ déédéé, ọjọ́ 28, ni ìṣírò yìí bá mu jù.

Ẹ fi orúkọ sílẹ̀ kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 12. Láti 2016 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí aboyún rí elétò ìlera ní ìgbà 8, ó kéré tán. Ìgbàkígbà tí ẹ bá lọ, ẹ béèrè nọ́ńbà ẹ̀jẹ̀ ríru yín, kí ẹ kọ ọ́. Nọ́ọ̀sì á sọ pé "ó dáa," ẹ ní "ẹ jọ̀ọ́ mà, mélòó ni?" Bó bá dé 140 lórí 90 lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 20, wọ́n ní láti máa ṣọ́ yín gidi. Ẹ máa lo oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bá fún yín, ẹ sùn sábẹ́ nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, kí ẹ sì gba oògùn ibà aboyún tí wọ́n ń fúnni láti ọ̀sẹ̀ 13, ní oṣù kan sí ìkejì, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Bí ẹ bá ń mu àgbo, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì. Kò ní jẹ yín níyà, ó fẹ́ mọ ohun tó wà lára yín ni.

Nígbà tí ìjọba Gómìnà Olusegun Mimiko bẹ̀rẹ̀ ètò Abíyè ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ifedore ní 2009, ìdádúró mẹ́rin ni wọ́n gbógun tì: kí aboyún pẹ́ kó tó pinnu àtilọ, kó pẹ́ lójú ọ̀nà, kó dé ibẹ̀ kó tún pẹ́ kí wọ́n tó dá a lóhùn, kó sì pẹ́ kí wọ́n tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Ilé Ìwòsàn Ìyá àti Ọmọ ṣí l'Ákùúrẹ́. Ìdádúró àkọ́kọ́, inú ilé ló ti ń ṣẹlẹ̀, àwa fúnra wa la lè gbà á kúrò. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kó tó di oṣù keje: ta ló máa wakọ̀ bó bá di òru? Nọ́ńbà rẹ̀ dà? Ta ni irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ti aboyún mu? Owó wà níbo, ta ló sì lè mú un bí ọkọ kò bá sí nílé? Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n gbàdúrà fún òun nílé àgbẹ̀bí ìjọ, kó lọ, àdúrà dáa. Ibi tí ẹ̀jẹ̀, oògùn àti dókítà wà ni kó ti bímọ.

Ẹ kọ ìwọ̀nyí sí ẹ̀yìn ìwé, kí ẹ sì ka á sétí ọkọ àti ìyá ọkọ. Èyíkéyìí nínú wọn, ẹ gbéra lójú ẹsẹ̀:

- orí fífọ́ líle, ojú tó ń ṣe bàìbàì, ojú àti ọwọ́ tó wú lójijì
- gìrì
- ẹ̀jẹ̀ tàbí omi tó ń dà kó tó tó àkókò
- ọmọ tí kò sọ mọ́ nínú bó ṣe máa ń sọ
- ibà tó gbóná gan-an, tàbí ìrora lókè ikùn

Lẹ́yìn ìbímọ, ẹ má pa ìwé dé. Ẹ̀jẹ̀ dídà lẹ́yìn ìbímọ wà lára ohun tó ń pa ìyá jù lọ. Bí páàdì bá rin gbingbin láàárín wákàtí kan, ẹ má dúró de ìdájí. Gìrì pàápàá lè wá lẹ́yìn tí ọmọ ti dé, nítorí náà kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá wò títí di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Omi gbígbóná tí a fi ń tọ́jú ìyá ọmọ, kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni. Èyí tó ń hó lè bó ojú ọgbẹ́.

Ẹ wo ọkàn rẹ̀ náà. Ẹkún díẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ wọ́pọ̀. Bó bá lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí inú rẹ̀ kò dùn sí ohunkóhun, tí kò fẹ́ wo ọmọ, ẹ mú un lọ sílé ìwòsàn. Bí kò bá wá sùn mọ́, tó ń gbọ́ ohùn tí ẹ̀yin kò gbọ́, abísínwín lè ti fẹ́ wọlé: ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni, ẹ má fi òun àti ọmọ nìkan sílẹ̀. Ó ní ìtọ́jú, ara á sì padà bọ̀ sípò.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ọyàn àti ẹnu ilé ọmọ

Betty Anyanwu-Akeredolu, ìyàwó gómìnà Oǹdó láti 2017 sí 2023, bá jẹjẹrẹ ọyàn jà, ó yè é, ó sì dá BRECAN, ẹgbẹ́ tó ń gbógun ti jẹjẹrẹ ọyàn, sílẹ̀ ní 1997. Ó sọ ọ́ ní gbangba, ohun tí ọ̀pọ̀ ìdílé ń fi pamọ́ títí ọyàn fi ń jẹrà.

Lóṣooṣù, ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá dá, ẹ bọ́ aṣọ òkè níwájú dígí. Ẹ fi ọwọ́ lé ìbàdí, ẹ wò. Ẹ gbé ọwọ́ sókè, ẹ tún wò. Ṣé awọ ibì kan wọnú? Ṣé orí ọyàn kan ṣẹ̀ṣẹ̀ yí wọlé? Ṣé awọ rí kókókókó bí èèpo ọsàn? Ẹ wá dùbúlẹ̀, ẹ ki ọwọ́ kan sábẹ́ orí, ẹ fi ikùn ìka mẹ́ta ti ọwọ́ kejì tẹ̀ ẹ́ yíká díẹ̀díẹ̀, láti egungun ọrùn títí dé abíyá. Kókó tó bá jẹ́ tuntun, tàbí ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu ọyàn, kò gbọdọ̀ di oṣù tó ń bọ̀ kí ẹ tó lọ. Ọ̀pọ̀ kókó kì í ṣe jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò ló máa sọ bẹ́ẹ̀, ọwọ́ kò lè sọ ọ́.

Àyẹ̀wò jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ, láti ọdún 30 ni (ọdún 25 fún ẹni tó ní HIV). Èyí tí wọ́n ń fi fínígà ṣe, kò gùn rárá: nọ́ọ̀sì á ṣí ojú ara díẹ̀, á fi òwú tó rì sínú fínígà aláìlágbára kan ẹnu ilé ọmọ, á dúró ìṣẹ́jú kan. Ibi tó bá ti ń yí padà á funfun. Wọn kò gé nǹkan kan. Bó bá mọ́, lẹ́yìn ọdún mẹ́ta ni ẹ máa padà. Àyẹ̀wò HPV fúnra rẹ̀ wà níbòmíràn, ọdún 5 sí 10 ni tirẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ìwé màmá

Láàárín ọdún 45 sí 55 ni nǹkan oṣù sábà máa ń dáwọ́ dúró. Oṣù 12 gbáko tí kò wá ni a fi ń mọ̀ pé ó ti lọ. Oru á bo màmá lójijì, òógùn á bò ó, oorun á dá lójú rẹ̀ lóru. Wọ́n á ní ayé ló ń ṣe é. Èròjà inú ara tí wọ́n ń pè ní hormone ló ń yí padà. Ìtọ́jú wà bó bá ń dà á láàmú.

Ohun tí mo bẹ̀ yín pé kí ẹ fi bírò pupa kọ ni èyí: lẹ́yìn oṣù 12 yẹn, bí ẹ̀jẹ̀ bá tún yọ, ì báà ṣe ẹ̀kán kan, kì í ṣe pé ìgbà èwe ń padà bọ̀ wá sára rẹ̀. Kí dókítà wò ó lọ́sẹ̀ yẹn, torí ó lè jẹ́ àpẹẹrẹ jẹjẹrẹ tó ṣì kéré.

Kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà rẹ̀ lọ́dọọdún. Ẹja kéékèèké tí a ń jẹ teegunteegun dáa fún egungun, ìrìn ẹsẹ̀ náà dáa. Bí ìtọ̀ bá ń já lára rẹ̀ nígbà tó bá wúkọ́ tàbí rẹ́rìn-ín, kó fún iṣan tó fi ń dá ìtọ̀ dúró pọ̀, kó ka ení dé aárùn-ún, kó tú u, ní ìgbà 10, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́. Oṣù mẹ́ta ló máa ń gbà kó tó hàn dáadáa.

Ọ̀pọ̀ màmá kò fẹ́ tú ìró níwájú dókítà ọkùnrin tó lè jẹ́ ọmọ wọn. Ẹ béèrè nọ́ọ̀sì tàbí dókítà obìnrin, kí ọmọ obìnrin sì bá wọn wọlé. Ẹ kó gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò sínú àpò kan, àgbo náà. Kí ẹ tó kúrò lọ́gbà ilé ìwòsàn, ẹ jókòó lórí bẹ́ńṣì, kí ẹ kọ ohun tí wọ́n bá, orúkọ oògùn, iṣẹ́ tó ń ṣe, àti ọjọ́ tí ẹ máa padà. Bí ẹ kò bá gbọ́ orúkọ rẹ̀ dáadáa, ẹ padà wọlé, kí ẹ ní kí nọ́ọ̀sì bá yín kọ ọ́.