Ẹsẹ̀ ẹyẹ onírin tó ń já lójú ibi tí a jó

Ẹyẹ tí a fi ṣéènì ọ̀kadà àti àlòkù irin ṣe fún ìpàtẹ ní Adó-Èkìtì ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń já. Ẹ̀gbẹ́ ojú jíjó (ibi tí a ti fi iná wẹ́dà jó irin pọ̀) gan-an ló ń sán, nígbà mìíràn kó tó tutù tán. Sípíríǹgì ọkọ̀ akẹ́rù ni ẹsẹ̀ náà, kábọ́ọ̀nù (èròjà tó ń mú irin le) inú rẹ̀ pọ̀. Bó bá yára tutù lẹ́yìn jíjó, etí ibẹ̀ á le jù, á wá ṣẹ́ bí àwo. (Ẹni tó ń da omi sí i kó lè tètè tutù ló ń bà á jẹ́ jù.)

A fi gíríńdà gé gbogbo ojú jíjó àtijọ́ kúrò, a ha ìpẹtà àti ọ̀dà dànù. A fi iná gáàsì yan irin náà tó nǹkan bíi 250°C kí a tó jó o. Ẹlẹ́kítíródù (ọ̀pá tí a fi ń jó irin) onínọ́mbà 7018, 2.5 mm, la lò dípò 6013. Ó gbọ́dọ̀ gbẹ dáadáa, nítorí ọ̀rinrin inú rẹ̀ náà ń fa sísán. Lẹ́yìn náà, inú eérú gbígbẹ la rì í sí títí ó fi tutù fúnra rẹ̀.

Bí ẹ kò bá mọ irú irin tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ kan gíríńdà mọ́ ọn: bí ẹ̀ta iná rẹ̀ bá ń là sí ẹ̀ka púpọ̀, kábọ́ọ̀nù rẹ̀ pọ̀ nìyẹn.