Bó o ṣe lè fúnra ẹ yẹ etí ẹ wò nílé

Ẹni tí etí ẹ̀ ń dín kù kì í tètè mọ̀, ará ilé ló máa ń kọ́kọ́ fura. Bàbá mi ṣáà ń sọ pé a ò la ẹnu sọ̀rọ̀, tẹlifíṣàn wọn ń pariwo sí i lójoojúmọ́, àwa rò pé wọ́n kàn ń kanra ni. Ìró fẹ́lẹ́ bíi f, s, ṣ ló sábà máa ń kọ́kọ́ sá lọ, ohùn tó rinlẹ̀ ṣì ń wọlé, torí náà wọ́n ń gbọ́ pé à ń sọ̀rọ̀, àmọ́ tá a bá ní kí wọ́n fá a, "sá a" ni wọ́n máa gbọ́.

Tó o bá ti ń rí irú ẹ̀, kọ́kọ́ pa gẹn, pa fáànù, ti wíńdò. Jókòó, kí ẹnì kan dúró sẹ́yìn ẹ níbi tí ọwọ́ nínà lè dé, bíi 60 sẹ̀ǹtímítà sí etí ẹ. Kó má wá síwájú o, ojú wa máa ń ka ètè láì jẹ́ ká mọ̀. Fi ìka tẹ ẹran kékeré tó wà lẹ́nu ihò etí kejì kó dí, kó o máa rọra yí i, torí etí tó dáa lè máa gbọ́ fún èyí tí ò dáa. Kí ẹni yẹn wá mí síta tán, kó sọ nọ́ńbà mẹ́ta wúyẹ́wúyẹ́, bíi mẹ́rin, kan, mẹ́jọ, ìwọ tún un sọ. Tó o bá ṣì í, kó sọ mẹ́ta míì. Tí èyí tó o gbà nínú mẹ́fà ò bá pé mẹ́ta, lọ rí dókítà etí. Ẹ wá ṣe etí kejì.

Tí ò bá sẹ́ni nílé, áàpù hearWHO tí àjọ WHO gbé jáde ní 2019 wà lórí fóònù, ọ̀fẹ́ ni, wàá ki íàfóònù bọ etí, á máa pe nọ́ńbà láàárín ariwo. Máàkì tó bá wà lábẹ́ 50 nínú 100, má fi falẹ̀.

Ó lè jẹ́ ìdọ̀tí lásán ló dí i, àmọ́ jọ̀ọ́ má ki ìyẹ́ adìyẹ tàbí ẹyọ ìgbálẹ̀ bọ̀ ọ́.

Tí etí kan bá ṣàdédé dí lójijì, gbàgbé àyẹ̀wò ilé, ọsibítù lọ́jọ́ yẹn gan-an, torí ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́ ni oògùn ẹ̀ ti máa ń ṣiṣẹ́ jù.