Ògiri Ń Mumi, Ẹ̀yin Ń Ra Ọ̀dà: Àṣìṣe Àwọn Ayálégbé l'Abẹ́òkúta

Iṣẹ́ àtúnṣe ilé ni mò ń ṣe. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, ìpè á máa wọlé: ògiri ń hó, yàrá ń rùn. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó pè mí, owó ti wọlẹ̀ ná.

Èkíní, ẹ ń lọ wo ilé nígbà ọyẹ́. Ògiri wo ni kì í gbẹ lóṣù Kejìlá? Bí ẹ bá rí ọ̀dà tuntun tó mọ sí ìwọ̀n orúnkún nìkan, ẹ béèrè ohun tó bò mọ́lẹ̀. Ẹ bi ẹni tó ń gbé yàrá kejì léèrè, kí ajẹ́ńtì má sì sí níbẹ̀.

Èkejì, òfin Èkó. Òfin ilé gbígbé ti 2011 tí ẹ ń kà lórí fóònù, Èkó ló wà fún. L'Ékòó gan-an, kò kan Ìkòyí, Victoria Island, Àpápá àti GRA Ìkẹjà. Ẹ wá ń fi í halẹ̀ mọ́ bàbá onílé n'Ítòkò, l'Abẹ́òkúta níbí! Ìpínlẹ̀ Ogun ní òfin tirẹ̀, àgírímẹ́ǹtì tí ẹ fọwọ́ sí ni wọ́n á sì kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ yín. Bí kò bá sọ ẹni tó ni àtúnṣe òrùlé àti ògiri, kí wọ́n kọ ọ́ sí i kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.

Ẹ má sì tìtorí ògiri tó ń mumi dá owó ilé dúró: onílé á sọ ọ́ di ẹjọ́ gbèsè.

Ó wá ku ọ̀dà àti táìsì. Ìyàwó mi ní kí n má sọ ọ́ lójú àlejò mọ́, pé mo ti fi lé ènìyàn lọ rí, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ò lè lé mi dákẹ́. Ilé kan wà tí wọ́n gé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè láti fi kọ́, bí a ti ń ṣe nílùú olókùúta yìí. Iyẹ̀pẹ̀ fara ti ògiri ẹ̀yìn títí dé abẹ́ fèrèsé. Bí òjò bá rọ̀, omi inú iyẹ̀pẹ̀ á gba inú búlọ́ọ̀kù wọ yàrá. Ayálégbé kun ọ̀dà, ó hó. Ó kun ọ̀dà elépo, ó wú bí àkàrà. Ó wá lẹ táìsì dé ìbàdí, omi sì gòkè, ó yọ lókè táìsì. Omi inú ògiri ń wá ibi tó máa gbà jáde. Bí ẹ bá dí ìsàlẹ̀, á gun òkè. Onílé dé, ó wo táìsì, ó ní ilé òun ti gbayì, ó sì fi owó lé owó ilé! Ohun tí ògiri yẹn ń fẹ́ ni kí wọ́n gbẹ́ iyẹ̀pẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò, kí wọ́n la gọ́tà sí i. Ìta niyẹn, ilẹ̀ onílé ni, òun ló yẹ kó náwó sí i.

Nítorí náà, kí ẹ tó jà, ẹ mọ ibi tí omi ti ń wá. Èyí tó ń ti ilẹ̀ gòkè, tó ń yọ iyọ̀ funfun, tí kì í sábà kọjá mítà kan, ìpìlẹ̀ ló ti wá: wọn ò tẹ́ ọ̀rá sábẹ́ German floor, ìyẹn kọnkéré tí wọ́n dà sílẹ̀ kí wọ́n tó mọ ògiri. Ti onílé ni. Àmì rúsúrúsú lára àjà, ẹ wo páànù. Ti onílé náà ni. Ṣùgbọ́n tóótòòtó dúdú lẹ́yìn wọ́díróòbù, níbi tí ẹ ti ń sá aṣọ tútù sínú yàrá tí fèrèsé wà ní títì tọ̀sán-tòru, tiyín ni, ẹ má pe onílé. Bí kò bá dá yín lójú, ẹ lẹ ọ̀rá mọ́ ògiri, kí ẹ fi téépù dí etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún ọjọ́ méjì. Bí ojú tó kọ sí yàrá bá tutù, afẹ́fẹ́ inú ilé ni. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀, inú ògiri ni.

Páìpù tí ẹ fi ìṣó tẹlifíṣọ̀n lù, ẹ fúnra yín mọ ẹni tó ni í.

Ẹ fi fọ́tò ránṣẹ́ sí onílé lórí WhatsApp, kí ọjọ́ hàn níbẹ̀. Bó bá ní kí ẹ ṣe é ná, kí òun yọ ọ́ nínú owó ilé, kó kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ní "Bàbá wa dáa, wọn ò ní yàn wá jẹ," bí bàbá bá kú, àwọn ọmọ á pín ilé. Èyí tí apá ọ̀dọ̀ yín bá bọ́ sí lọ́wọ́ ò ní mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ra páànù rí.