Kí dátábéésì yín tó kún: àwọn àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀

Ní Yaba níbí, bí dátábéésì bá ti ń falẹ̀ báyìí, ohun tí a kọ́kọ́ máa ń gbọ́ ni pé kí á pín in sórí sáfà (kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú dátà) mẹ́rin, márùn-ún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ṣe bẹ́ẹ̀. Dátábéésì PostgreSQL tàbí MySQL kan ṣoṣo lórí sáfà tó dáa lè gbé ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílíọ̀nù ìlà, bí ẹni tó ń lò ó bá mọ bí wọ́n ṣe ń bi í léèrè.

Àṣìṣe tó burú jù ni kí á máa méfò. Ká ní àwọn ọlọ́jà Balógun ń fi áàpù yín gba owó, tí ìyá oníṣọ́ọ̀bù kan sì fẹ́ rí owó 20 tó wọlé kẹ́yìn. Ẹ fi EXPLAIN ANALYZE, àṣẹ tó ń fi bí dátábéésì ṣe ń wá nǹkan hàn, síwájú query náà, ìyẹn ìbéèrè tí áàpù fi ránṣẹ́ sí dátábéésì. (Ẹ ṣọ́ra o, ó máa ń ṣe iṣẹ́ náà gan-an, nítorí náà ẹ má dédé fi síwájú DELETE tó ń pa ìlà rẹ́.) Ní PostgreSQL, bí ẹ bá rí «Seq Scan» lórí table ńlá yẹn (àtẹ tí ìlà gbogbo owó wà), gbogbo ìlà ló ń kà láti òkè délẹ̀ kó tó rí ti ìyá yìí. Index kan (àtọ́ka bíi ti ẹ̀yìn ìwé) lórí merchant_id (nọ́ńbà ọlọ́jà) àti created_at (àkókò tí owó wọlé), kí merchant_id ṣáájú, á gbé e lọ tààrà síbi tí 20 náà wà. Bí created_at bá ṣáájú, ìrànlọ́wọ́ rẹ̀ kì í tó bẹ́ẹ̀. Ní PostgreSQL, CREATE INDEX CONCURRENTLY ni kí ẹ sì fi ṣe é. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó lè kọ nǹkan sínú table náà títí iṣẹ́ á fi parí, ọjà á sì dúró.

Ẹ má wá torí ìyẹn fi index sórí gbogbo nǹkan. INSERT kọ̀ọ̀kan, tó ń fi ìlà tuntun kún un, ló máa kọ sínú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ẹnikẹ́ni kò lò, ẹ yọ ọ́.

OFFSET 500000, tí àwọn kan fi ń ṣí ojú-ewé tó jìnnà, kì í fo ìlà kankan. Ó máa ka gbogbo 500,000 yẹn, á dà wọ́n nù, kó tó mú èyí tí ẹ fẹ́ wá. Ibi tí oníbàárà kà dé ni kí ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀.

Ti replica, ìyẹn ẹ̀dà tó ń tẹ̀lé sáfà àgbà tí a ń kọ nǹkan sí, ló ń dùn mí jù, torí owó olówó ló ń bá a lọ. Oníbàárà sanwó ní Ìdúmọ̀tà, sáfà àgbà kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n orí replica ni áàpù ti lọ wò ó, ìyẹn kò sì tíì rí i gbà. Ìyá ọlọ́jà ní owó òun kò wọlé. Oníbàárà tún san án lẹ́ẹ̀kejì. Ohun tí èèyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ, orí sáfà àgbà ni kí ẹ ti kà á. Bí ó bá sì jẹ́ pé kíkọ ló pọ̀ jù, replica kò lè gbà yín.

Bí ẹ kò bá fọwọ́ kan PostgreSQL, connection (ìsopọ̀) 100 ló ń gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ má sọ ọ́ di 5,000, torí ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń jẹ mẹ́mórì. PgBouncer, tó ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ áàpù pín ìsopọ̀ díẹ̀ lò, ni kí ẹ fi síwájú rẹ̀. BIGINT, irú nọ́ńbà tó fẹ̀ ju INTEGER lọ, sì ni kí ẹ fi ṣe id (nọ́ńbà ìlà kọ̀ọ̀kan) láti ìbẹ̀rẹ̀: INTEGER kò kọjá 2,147,483,647, ọjọ́ tó bá kún, kò ní gba ìlà tuntun mọ́.

Dátà àtijọ́ ńkọ́? DELETE ńlá máa ń fi òkú ìlà sílẹ̀ fún VACUUM, agbálẹ̀ PostgreSQL. Láti PostgreSQL 10, tó jáde lọ́dún 2017, ẹ lè fi partition (ìpín) pín table ní oṣù-oṣù, kí ẹ sì ju oṣù tó ti gbó nù lójú ẹsẹ̀.

Bí sáfà kan kò bá wá lè gbé kíkọ mọ́ lóòótọ́, ẹ lè wá pín in. Ẹ má fi àdúgbò pín in: Balógun á gbóná, ti Ẹ̀pẹ́ á jókòó lásán. Hash merchant_id, ìyẹn nọ́ńbà tí a ṣírò látinú rẹ̀ láti yan sáfà, sàn jù. Ṣùgbọ́n bí owó bá ń kúrò lọ́dọ̀ ọlọ́jà kan sọ́dọ̀ òmíràn tó wà lórí sáfà ọ̀tọ̀, transaction kan ṣoṣo (iṣẹ́ tó máa ń ṣẹ lódindi tàbí kó má ṣẹ rárá) kò ní dáàbò bò ó mọ́. Ẹ kọ́kọ́ ka iye irú query bẹ́ẹ̀ tó wà nínú kóòdù yín, kí ẹ mọ ẹni tó máa tún wọn kọ.