Bí ẹ ṣe lè yan àkọ̀ tí ò ní ha ara ọ̀bẹ yín

Àwọn àgbà ní ọ̀bẹ ń wólé ara ẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ra ọ̀bẹ tó ń dán rí, tó yọ ọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tó wá rí i pé ìlà ti kún ara ẹ̀ látòkè délẹ̀, olúwa ẹ̀ mọ̀ pé àkọ̀ náà máa ń ba ọ̀bẹ jẹ́. Ó ti ṣe mí rí. Àkọ̀ ike líle ni mo kì í bọ̀, bó ṣe ń dún "kápá" tó bá wọlé ló wù mí, àṣé ibi tó ti ń dún yẹn gan-an ló ti ń fá a.

Kẹ́ ẹ tó wo àkọ̀ kankan, ara ọ̀bẹ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Ṣé ó ń dán débi pé ẹ lè rí ojú yín níbẹ̀? Ìyẹn ló gba sùúrù jù, kò sí ìlà tó kéré tí ò ní hàn lára ẹ̀. Satin, ìyẹn èyí tó ti ní ìlà wẹ́wẹ́ lára látilẹ̀, ṣì máa ń bo díẹ̀ mọ́lẹ̀. Tó bá jẹ́ stonewash, èyí tí wọ́n yí pọ̀ mọ́ òkúta wẹ́wẹ́ nínú ẹ̀rọ kó lè dà bí ohun tí wọ́n ti lò, ẹ fọkàn balẹ̀, ìlà kan sí i ò jẹ́ nǹkan kan. Tó bá dúdú, ẹ béèrè irú dúdú tó jẹ́ o, torí powder coat (ọ̀dà ẹlẹ́bú tí wọ́n yan mọ́ ọn) àti black oxide (àwọ̀ dúdú tí wọ́n fi kẹ́míkà ṣe sára irin) máa ń ṣí níbi tí àkọ̀ bá ti ń fún wọn, ṣùgbọ́n DLC, ìyẹn káábọ́ọ̀nù líle fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi bo irin, le ju irin ọ̀bẹ fúnra ẹ̀ lọ, kì í tètè ha.

Ó wá kan ohun tí wọ́n fi ṣe àkọ̀. Awọ rọ̀, kì í sábà ha ọ̀bẹ, ìdí nìyẹn tí gbogbo èèyàn fi fẹ́ràn ẹ̀, àmọ́ ó máa ń fa omi mu, kẹ́míkà tí wọ́n fi ń ṣe awọ sì máa ń kù nínú ẹ̀, ẹ fi ọ̀bẹ carbon steel, ìyẹn irin tó tètè ń dípẹtà, sínú ẹ̀ fún oṣù mélòó kan kẹ́ ẹ wá wò ó, á ti dípẹtà. Stainless náà kì í ṣe pé kò lè dípẹtà láéláé, ó kàn ní sùúrù jù ni. Kydex, ìyẹn irú ike líle kan, ò fa omi, ẹ lè fọ̀ ọ́, ẹ lè gbẹ̀mí lé e nínú òjò, ṣùgbọ́n ó le. Ẹ̀sùn tí wọ́n sì ń fi kàn án pé ó ń ha ọ̀bẹ ò fi bẹ́ẹ̀ jóòótọ́, torí ike ò le tó irin, yanrìn tó wọbẹ̀ ló ń ha ọ̀bẹ, èérún yanrìn le ju irin ọ̀bẹ lọ. Tí yanrìn yẹn bá wọnú àkọ̀ awọ, ibẹ̀ ló máa lẹ̀ mọ́, àkọ̀ á wá di sáńpépà, kẹ́ ẹ máa fọ̀ ọ́ náà ò ṣeé ṣe. Fún ọ̀bẹ ilé ìdáná, àkọ̀ igi ni mo fara mọ́ jù. Àwọn ará Japan máa ń fi igi magnolia ṣe é torí pé ó rọ̀, ẹ má gba ti igi oak, èròjà kíkan tó wà nínú ẹ̀ kì í bá irin ṣọ̀rẹ́. Tí náílọ́ọ̀nù bá ní ike nínú, bí Kydex ni kẹ́ ẹ ṣe máa wò ó.

Ẹ wá dán an wò. Ẹ so òwú mọ́ orí igi tín-ín-rín, ẹ fi nu inú àkọ̀ yípo, ibi tó bá ti fa òwú ya, ó máa ha ọ̀bẹ náà. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi máákà kun ara ọ̀bẹ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ tì í bọ̀ kẹ́ ẹ sì yọ ọ́ bí ìgbà mẹ́wàá. Ibi tí máákà bá ti parẹ́ nibi tí àkọ̀ ti ń kàn án. Ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ni pé kí àkọ̀ di ọ̀bẹ mú níbi eékù, kó má jẹ́ ara ọ̀bẹ ló ń fún pọ̀, tó bá jẹ́ pé àárín ọ̀bẹ ni máákà ti ṣí, ẹ dá a padà fún wọn. Ẹ fi sípíríìtì nu ìyókù kúrò. Ẹ ti ọ̀bẹ bọ àkọ̀, ẹ dà á dojú kọlẹ̀ kẹ́ ẹ mì ín díẹ̀, lórí nǹkan rírọ̀ o, ẹ má fẹsẹ̀ yín dán an wò. Tó bá jábọ́, ó ti fẹ̀ jù, tó bá sì ń mì jọ̀gìjọ̀gì nínú ẹ̀, yóò máa fara gbo ara. Kydex tó dáa máa ń ní ihò nísàlẹ̀ tí omi àti yanrìn lè gbà jáde.

Tẹ́ ẹ bá ti rà á tán, ẹ̀yìn ọ̀bẹ ni kẹ́ ẹ máa fi tẹ ògiri àkọ̀ tẹ́ ẹ bá ń tì í bọ̀ tàbí tẹ́ ẹ bá ń yọ ọ́. Ẹ nu ọ̀bẹ gbẹ kẹ́ ẹ tó kì í bọ̀, kódà tó bá jẹ́ ìṣẹ́jú kan lẹ fẹ́ fi í síbẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ẹ ò ní lò ó fún ìgbà pípẹ́, ẹ fi òróró díẹ̀ pa á lára, ẹ wé e, kẹ́ ẹ wá gbé àkọ̀ awọ yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ẹ má fi ọ̀bẹ sínú ẹ̀.