Bá a ṣe ń fi òkìrìkà àti aṣọ àtijọ́ múra lójoojúmọ́

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló mọ òkìrìkà á rà, bí wọ́n ṣe máa wọ̀ ọ́ ni wàhálà. Wọ́n á rí jákẹ́ẹ̀tì kan tó dùn ún wò, owó ẹ̀ ò sì tó nǹkan, wọ́n á gbé e délé, wọ́n á fi kọ́, ọdún á yípo, jákẹ́ẹ̀tì yẹn ò ní tíì jáde lẹ́ẹ̀kan. Kì í ṣe pé aṣọ yẹn ò dáa o, kò rí ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ni. Kò sí ṣẹ́ẹ̀tì tó bá a mu nílé, kò sí sòkòtò tó bá a lọ, bàtà gan-an ò sí. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ ọ́ tẹnu mi ò sì rẹ̀ mí pé ilé la ti ń bẹ̀rẹ̀ ìmúra òkìrìkà, a kì í bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ nídìí òkìtì aṣọ.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ tú kọ́bọ́ọ̀dù yín

Ẹ kó gbogbo aṣọ tẹ́ ẹ ń wọ̀ déédéé sórí bẹ́ẹ̀dì, èyí tẹ́ ẹ ń wọ̀ lóòótọ́ ni mo ń sọ, kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ kàn fẹ́ràn láti máa wò. Tẹ́ ẹ bá wò ó dáadáa ẹ máa rí i pé àwọ̀ méjì tàbí mẹ́ta ló pọ̀ jù nínú wọn, bóyá dúdú àti búlúù jíǹsì, bóyá funfun àti buráùn. Àwọn àwọ̀ yẹn ni ìpìlẹ̀ yín, ẹ má bá a jà. Lẹ́yìn náà ẹ ro ohun tẹ́ ẹ máa ń ṣe láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹni tó ń rìn púpọ̀, tó ń gun àtẹ̀gùn, tó ń gbé ọmọ, síkẹ́ẹ̀tì tó fún mọ́ orúnkún ò lè wúlò fún un bó ti wù kó rẹwà tó.

Òfin kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú jáde nílé: aṣọ tí ò bá ti lè bá ohun mẹ́ta tẹ́ ẹ ní tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ ya fọ́tò àwọn aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì yẹn sínú fóònù kẹ́ ẹ lè máa yẹ̀ ẹ́ wò tẹ́ ẹ bá débi tẹ́ ẹ ti fẹ́ ṣà, torí tójú bá ti rí aṣọ tó pọ̀ tí ò sì wọ́n, ọkàn máa ń gbàgbé ohun tó wà nílé.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ wọn ara yín, ẹ má gba sáìsì gbọ́

Ẹ mú ṣẹ́ẹ̀tì tó bá yín lára mu jù, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja, kẹ́ ẹ fi téèpù wọn ọ́n láti abíyá kan dé ìkejì, láti èjìká dé èjìká, àti gígùn apá. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún sòkòtò náà, ìbàdí, itan, àti láti àárín itan dé ọrùn ẹsẹ̀. Ẹ kọ gbogbo ẹ̀ sínú fóònù. Nọ́ńbà yẹn lẹ máa fi ra aṣọ, kì í ṣe èyí tí wọ́n kọ sí ọrùn ẹ̀.

Ìdí ni pé sáìsì máa ń yí padà láti ọdún dé ọdún àti láti ìlú dé ìlú. Aṣọ obìnrin tí wọ́n kọ 12 sí lára ní nǹkan bí 1960 ní Amẹ́ríkà lè má gba ẹni tó ń wọ 8 lónìí. 12 ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà sì sún mọ́ 8 ti Amẹ́ríkà. Sòkòtò ọkùnrin ti nǹkan bí 1940 sí 1959, òkè ìdodo ni ìbàdí ẹ̀ máa ń wà, ibẹ̀ lẹ máa wọ̀n fún un, torí tẹ́ ẹ bá fi ibi tẹ́ ẹ ń de bẹ́líìtì sí lónìí wọn ọ́n, kò lè bára mu. Àwọn aṣọ òwú tí wọ́n ti fọ̀ fọ̀ fọ̀ náà á ti sún kì, nọ́ńbà ara ẹ̀ ò jẹ́ nǹkan kan mọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹta: bẹ́ ẹ ṣe máa ṣà á

Èjìká lẹ máa kọ́kọ́ wò. Ojú rírán èjìká yẹn gbọ́dọ̀ bọ́ sórí egungun èjìká yín, àfi tó bá jẹ́ aṣọ tí wọ́n dìídì rán gbẹ̀gẹ̀dẹ̀. Télọ̀ lè gé ẹsẹ̀ sòkòtò, ó lè fún ìbàdí, ó lè gé apá, àmọ́ èjìká jákẹ́ẹ̀tì tó bá ti tóbi jù, iṣẹ́ ńlá ni, àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe gan-an kì í fẹ́ ṣe é. Tí èjìká bá ti kọ̀, ẹ gbé e jù sílẹ̀ kẹ́ ẹ sì kọjá.

Tí èjìká bá gbà, ẹ gbé e sínú ìmọ́lẹ̀, ẹ nà án sí fèrèsé, ihò kéékèèké tí kòkòrò ti jẹ á hàn kedere. Ẹ yẹ abíyá wò, ẹ yẹ àárín itan wò, ibẹ̀ ni aṣọ ti máa ń gbó jù. Ẹ fa síìpù lọ, ẹ fà á bọ̀. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì fa aṣọ yẹn díẹ̀ níbi tó fara sin, tẹ́ ẹ bá gbọ́ ìró bíi pé ó fẹ́ ya, òwú ẹ̀ ti kú nìyẹn, kò sí àtúnṣe fún un. Bọ́tìnnì tó já, ìṣẹ́tí tó tú, ojú rírán tó là, gbogbo ìyẹn kì í ṣe nǹkan kan. Àmọ́ ayédèrú awọ tó bá ti ń bó, kò ní dáwọ́ dúró láé, ẹ ò rí i rí pé ó bó lónìí kó dúró lọ́la. Ẹ yàgò fún un.

Fún ẹ̀yin tó fẹ́ mọ̀ bóyá aṣọ ti pẹ́ lóòótọ́, ohun tí àwọn tó ń tà á sábà máa ń pè ní vintage ni èyí tó ti lo 20 ọdún sókè, lébẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀ sì ló máa ń tú àṣírí. Láti 1972 ni òfin Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ di dandan pé kí wọ́n rán lébẹ́ẹ̀lì tó sọ bí wọ́n ṣe máa fọ aṣọ mọ́ ọn lára, torí náà aṣọ tí wọ́n tà níbẹ̀ tí wọ́n kọ bí wọ́n ṣe máa fọ̀ ọ́ sí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọdún yẹn tàbí lẹ́yìn ẹ̀ ló ti wá. Èyí tí wọ́n kọ Made in West Germany sí, kò sí bí ò ṣe ní ti wà kó tó di pé Jámánì padà di ọ̀kan ní 1990. Jíǹsì Levi's náà, títí di 1971, lẹ́tà ńlá ni wọ́n fi kọ gbogbo orúkọ yẹn sórí lébẹ́ẹ̀lì pupa tó wà lápò ẹ̀yìn, LEVI'S, lẹ́yìn ẹ̀ ni e di kékeré. Ẹ ṣọ́ra o, ilé iṣẹ́ yẹn fúnra ẹ̀ ti tún àwọn àtijọ́ yẹn rán tòun ti lẹ́tà ńlá ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má wò ó nìkan kó sọ pé òun ti rí wúrà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ fọ̀ ọ́ kó tó kan ara yín

Kò gbọdọ̀ wọ kọ́bọ́ọ̀dù kẹ́ ẹ tó fọ̀ ọ́. Aṣọ òwú tó lágbára, ẹ fi omi tó gbóná tó 60°C fọ̀ ọ́, ìyẹn á pa ìdun àti kòkòrò iná. Súwẹ́tà irun àgùntàn ò lè fara da irú omi yẹn, á sún kì títí á fi di tọmọdé, nítorí náà ẹ di í sínú nylon kẹ́ ẹ gbé e sí fírísà tó tutù dé -18°C fún ọjọ́ mẹ́rin, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ fi omi tútù àti ọṣẹ tí ò le fọ̀ ọ́.

Òórùn àpótí, òórùn kànkàn yẹn, ife fínígà funfun kan nínú báàkẹ́ẹ̀tì omi, kẹ́ ẹ rì í síbẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kẹ́ ẹ ṣan án, kẹ́ ẹ sá a síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da fínígà àti bílíìsì pọ̀ láé, èéfín tó máa jáde níbẹ̀ ń pani.

Abíyá tó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ lára ṣẹ́ẹ̀tì funfun náà ńkọ́? Bílíìsì kọ́ o, bílíìsì tún máa ń jẹ́ kí ìpọ́n òógùn le sí i ni. Ẹ po baking soda pọ̀ mọ́ hydrogen peroxide 3% títí á fi ki díẹ̀, ẹ kán ọṣẹ olómi tẹ́ ẹ fi ń fọ abọ́ sí i, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tí ẹ ò lò mọ́ ra á wọlé, ẹ fi sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kẹ́ ẹ tó fọ̀ ọ́. Ẹ lè ní láti ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Aṣọ funfun nìkan ni o, ó lè bó àwọ̀ aṣọ aláràbarà.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ wá so ó pọ̀

Ibí yìí gan-an ni mo ń bọ̀. Èyí tí mo gbà gbọ́ jù ni pé kí ohun kan ṣoṣo tó lágbára wà nínú ìmúra kan, kí gbogbo èyí tó kù dákẹ́ jẹ́ẹ́ fún un. Tẹ́ ẹ bá wọ ṣẹ́ẹ̀tì aláràbarà ti nǹkan bí 1970 tí kọ́là ẹ̀ gùn ṣóńṣó, sòkòtò tí ò ní àwòrán kankan lára ni kẹ́ ẹ fi sí i, àwọ̀ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọ̀ tó ti wà lára ṣẹ́ẹ̀tì yẹn. Àwọ̀ tí ẹ mú jáde láti inú ṣẹ́ẹ̀tì yẹn ló máa jẹ́ kó dà bíi pé ẹ ti rò ó tẹ́lẹ̀. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá wọ ṣẹ́ẹ̀tì yẹn, tẹ́ ẹ fi sòkòtò tó fẹ̀ nísàlẹ̀ sí i, tẹ́ ẹ tún wọ bàtà gogoro ayé ìgbà yẹn, ẹ ti di eléré ìtàgé. Ọdún kan náà kò gbọdọ̀ wà láti orí dé ẹsẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo bó ṣe gbòòrò sí. Tí òkè bá fẹ̀, kí ìsàlẹ̀ tọ́ tàbí kó fún díẹ̀, tí ìsàlẹ̀ bá fẹ̀, kẹ́ ẹ ki tòkè bọ inú ẹ̀ kí ìbàdí lè hàn. Síkẹ́ẹ̀tì gígùn oní-pílíìtì àti súwẹ́tà tí wọ́n ki iwájú ẹ̀ nìkan bọnú, ó máa ń dáa lára ọ̀pọ̀ èèyàn, kúkúrú tàbí gíga. Ṣẹ́ẹ̀tì ọkùnrin tó tóbi lára obìnrin, ẹ ká apá ẹ̀ sókè dé ìgúnpá kí ọrùn ọwọ́ hàn, ẹ de bẹ́líìtì mọ́ ọn tàbí kẹ́ ẹ ṣí bọ́tìnnì ẹ̀ sílẹ̀ lórí pólò, ó ti di jákẹ́ẹ̀tì fífúyẹ́ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká fi jákẹ́ẹ̀tì 1980 sí 1989 ṣàpẹẹrẹ, torí òun ló pọ̀ jù nínú òkìrìkà táwọn èèyàn ń sá fún. Fóòmù ló ń wà ní èjìká ẹ̀. Tó bá ń yọ yín lẹ́nu, ẹ yí jákẹ́ẹ̀tì yẹn sódì, ẹ wá ojú rírán láínììn, ìyẹn aṣọ tí wọ́n fi tẹ́ inú ẹ̀, nítòsí abíyá, ẹ fi bíléèdì tú u ní bí íńṣì mẹ́ta, ẹ ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ẹ máa kan fóòmù yẹn, òwú bíi mélòó kan péré ló dè é mọ́bẹ̀, ẹ gé e, ẹ fà á jáde, ẹ fi abẹ́rẹ́ rán láínììn yẹn padà. Kẹ́ ẹ tó gé ohunkóhun o, ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ tẹ fóòmù yẹn mọ́lẹ̀ níwájú jígí, tí èjìká yẹn bá wó lulẹ̀ tó wá ṣe wọ́rọ́wọ́rọ́, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí fóòmù yẹn ni wọ́n wò kí wọ́n tó gé aṣọ náà. Ẹ wá wọ̀ ọ́ lórí pólò funfun, jíǹsì tó tọ́, kánfáàsì tó mọ́. Ẹ lè wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀ níbi iṣẹ́, ẹ lè fi lọ ra nǹkan, kò sẹ́ni tó máa bi yín pé ayẹyẹ wo lẹ ń lọ.

Bàtà ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Aṣọ tó ti gbó díẹ̀ pẹ̀lú bàtà tó ń dán, èèyàn á mọ̀ pé ó wù yín láti wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀ ni. Aṣọ tó ti gbó pẹ̀lú bàtà tó ti gbó, ìyẹn ti yàtọ̀. Áyọ́ọ̀nù náà ńkọ́, aṣọ àtijọ́ tí wọn ò lọ̀ máa ń rí bí ẹni tí ilẹ̀ mọ́ bá lójijì. Pọ́líẹ́sítà ò fẹ́ iná púpọ̀, ẹ fi aṣọ tín-ín-rín kan lé e lórí kẹ́ ẹ tó lọ̀ ọ́. Tí lébẹ́ẹ̀lì ò bá sí, tẹ́ ẹ ò sì mọ irú aṣọ tó jẹ́, ẹ fa òwú kan yọ nínú ojú rírán, ẹ dáná sun ún lórí abọ́ irin: òwú gidi á rùn bíi bébà tó jó, irun àgùntàn àti sílíìkì á rùn bí irun tó jó, pọ́líẹ́sítà á yọ́, á sì dì sí kóró líle.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: télọ̀, lẹ́yìn náà fọ́tò

Ohun mẹ́ta ni mo máa ń ní kí èèyàn gbé fún télọ̀, ẹsẹ̀ sòkòtò, ìbàdí, àti apá aṣọ. Tí aṣọ kan bá ti nílò ju ìyẹn lọ, kò yẹ kó ti bá yín délé. Ẹ mú bàtà tẹ́ ẹ fẹ́ wọ̀ mọ́ sòkòtò yẹn dání lọ, ká má gé e tán kó wá ga jù. Kéèyàn pààrọ̀ bọ́tìnnì náà dáa, bọ́tìnnì ike yẹ̀rẹ̀yẹ̀rẹ̀ lára kóòtù tó dáa, tẹ́ ẹ bá fi oníwo tàbí oníkarawun rọ́pò ẹ̀, ojú kóòtù yẹn á yí padà pátápátá.

Tí aṣọ bá ti dé, ẹ jókòó tì í ní ọjọ́ tọ́wọ́ dilẹ̀, ẹ so ó pọ̀ mọ́ ohun mẹ́ta tẹ́ ẹ sọ pé ó máa bá lọ, ẹ wọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ rìn, kẹ́ ẹ jókòó, kẹ́ ẹ na ọwọ́ sókè, èyí tó bá dáa kẹ́ ẹ ya fọ́tò ẹ̀ níwájú jígí. Àwọn fọ́tò yẹn lẹ máa ṣí láàárọ̀ tí ẹ bá ti ń pẹ́. Jákẹ́ẹ̀tì àti kóòtù, háńgà tó nípọn léjìká ni kẹ́ ẹ fi wọ́n kọ́. Súwẹ́tà ní tiẹ̀, ẹ má fi kọ́ rárá, á fà gùn, èjìká ẹ̀ á sì yọ kókó, ẹ ká a sínú dúrọ́ọ̀.