Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Ń Jẹ́ Kí Eruku Kún Inú Àpótí Kọ̀ǹpútà

Eruku kì í ṣàdédé wọ inú àpótí kọ̀ǹpútà orí tábìlì. Afẹ́fẹ́ ni ó ń gbé e wọlé, afẹ́fẹ́ yìí kan náà sì ni kọ̀ǹpútà nílò kí ó má baà gbóná kọjá ààlà. Ẹni tí ó bá fi èyí sọ́kàn yóò rí i pé ohun kan ṣoṣo ló bí ọ̀pọ̀ nínú àṣìṣe tí a ń ṣe lórí ọ̀rọ̀ eruku: a kì í béèrè ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé àti ibi tí ó ń gbà jáde. Kò ṣeé ṣe láti lé eruku tán pátápátá, nítorí pé bí a bá dí àpótí náà pa, ooru yóò ba ohun tí ó wà nínú rẹ̀ jẹ́. Ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ wa ni láti yan ẹnu ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ yóò gbà wọlé, kí a sì fi asẹ́ sí ẹnu ọ̀nà náà.

Àṣìṣe tí mo kà sí èyí tí ó burú jù ni yíyọ pátákó ẹ̀gbẹ́ àpótí kúrò. Nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ń gbóná, tí fáànù rẹ̀ sì ń pariwo, ọ̀pọ̀ ènìyàn a yọ ẹ̀gbẹ́ náà kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i, àwọn mìíràn a tún gbé fáànù ilé kọjú sí i. Ẹni tí ó ṣe àpótí náà ti là á sílẹ̀ pé kí afẹ́fẹ́ tútù gba iwájú wọlé, kí ó fẹ́ kọjá lórí graphics card (káàdì tí ń gbé àwòrán jáde sójú kọ̀ǹpútà), motherboard (pátákó ńlá tí a so gbogbo ẹ̀yà yòókù mọ́) àti processor (ọpọlọ kọ̀ǹpútà), kí ó sì kó ooru jáde láti ẹ̀yìn tàbí láti òkè. Bí ẹ̀gbẹ́ bá ti ṣí sílẹ̀, ọ̀nà yìí ti dàrú: afẹ́fẹ́ tí fáànù iwájú ń fà wọlé lè tú dànù sí ìta kí ó tó dé ibi tí ooru wà, eruku yàrá náà yóò sì máa rọ́ wọlé láìsí asẹ́ kankan lójú ọ̀nà. Òótọ́ ni pé ooru lè dínkù ní ọjọ́ tí a kọ́kọ́ yọ ọ́. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí a gbà á bí àmì pé afẹ́fẹ́ kò ráyè wọlé tó láti iwájú. Iwájú yẹn ni kí a lọ tún ṣe, kí a sì dá ẹ̀gbẹ́ padà sí àyè rẹ̀.

Àṣìṣe kejì kò hàn sójú, òun sì ni ó ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú láìmọ̀. Bí àwọn fáànù tí ó ń lé afẹ́fẹ́ jáde bá lágbára ju àwọn tí ó ń fà á wọlé lọ, àpótí náà yóò wá ìyókù afẹ́fẹ́ tí ó nílò láti ibikíbi tí ó bá ti rí àyè: láti etí pátákó, láti ojú ihò USB, láti ihò gbọọrọ tí ó wà lẹ́yìn. Kò sí asẹ́ ní gbogbo ibi wọ̀nyí. Ẹni tí ó ra asẹ́ dáradára sí iwájú àpótí rẹ̀, tí ó sì to fáànù mẹ́ta sí òkè àti ẹ̀yìn láti máa lé afẹ́fẹ́ jáde, ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba iṣẹ́ asẹ́ náà jẹ́. Ohun tí ó yẹ ni kí afẹ́fẹ́ tí ń wọlé fi díẹ̀ ju èyí tí ń jáde lọ, kí ó lè jẹ́ pé afẹ́fẹ́ tí a ti sẹ́ ni yóò máa tì jáde láti ojú àwọn ihò kéékèèké náà. Fáànù méjì onímìlímítà 120 ní iwájú àti ẹyọ kan irú rẹ̀ ní ẹ̀yìn máa ń tó fún àpótí tí kò tóbi púpọ̀.

Ṣùgbọ́n kíka iye fáànù nìkan kò tó. Fáànù tí ó wà lẹ́yìn asẹ́ tí ojú rẹ̀ kí, tí pátákó sì tún bò ó mọ́lẹ̀ níwájú, kò lè fa afẹ́fẹ́ tó èyí tí ó wà ní gbangba lẹ́yìn. Bákan náà, nínú àwọn àpótí àtijọ́ tí power supply wọn (ẹ̀rọ tí ń pín iná fún kọ̀ǹpútà) wà lókè, láti inú àpótí ni power supply ti ń fa afẹ́fẹ́ tí ó ń tú síta, nítorí náà kí a kà á mọ́ àwọn tí ó ń lé afẹ́fẹ́ jáde. Láti mọ èyí tó ń lágbára jù, kí a tan kọ̀ǹpútà náà, kí a ya tíṣù tẹ́ẹ́rẹ́ kan, kí a sì mú un súnmọ́ ihò tí kò ní fáànù lẹ́yìn àpótí láti ìta, láìjẹ́ kí ó wọlé. Bí tíṣù bá ń tẹ̀ síta, ó dára. Bí ó bá ń fà mọ́ ihò náà, ibẹ̀ ni eruku ń gbà wọlé, a sì ní láti dín agbára àwọn fáànù ẹ̀yìn kù tàbí kí a fi kún ti iwájú. Kí a tún wo ibi tí a ti yọ káàdì kan kúrò tí a kò sì dá irin pẹlẹbẹ tí ó ń bo ojú rẹ̀ padà. Irin náà kéré, a sì máa ń sọ ọ́ nù, síbẹ̀ ojú ihò tí ó fi sílẹ̀ jẹ́ ilẹ̀kùn gbayawu fún eruku.

Asẹ́ fúnra rẹ̀ ní àṣìṣe tirẹ̀. Àwọn kan a fi í sí i, wọn a sì gbàgbé rẹ̀ títí eruku yóò fi dí i pa, tí àwọn fáànù ẹ̀yìn yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í fa afẹ́fẹ́ láti àwọn ihò tí a ń sá fún. Àwọn mìíràn a ta aṣọ tàbí fóòmù tí ó nípọn bo ojú ihò, pẹ̀lú èrò pé bí ó bá ti kí tó ni yóò ti dára tó. Aṣọ bẹ́ẹ̀ a máa dá eruku dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń dá afẹ́fẹ́ náà dúró pẹ̀lú. Kí a máa yẹ asẹ́ wò lóṣooṣù, kí a gbọn eruku rẹ̀ dànù, kí a sì fi omi àti ọṣẹ díẹ̀ fọ èyí tí ó jẹ́ ike tàbí ọ̀rá. A kò gbọdọ̀ dá a padà nígbà tí ó ṣì tutù, nítorí pé fáànù wà lẹ́yìn rẹ̀ gẹ́lẹ́ tí yóò fa omi náà sínú.

Nípa ibi tí a ń gbé àpótí sí, ọ̀rọ̀ kò pọ̀. Ilẹ̀ ni eruku ń balẹ̀ sí, ẹsẹ̀ wa ni ó sì ń rú u sókè, pàápàá lórí kápẹ́ẹ̀tì. Àpótí tí power supply rẹ̀ wà nísàlẹ̀ tún máa ń fa afẹ́fẹ́ láti abẹ́, kápẹ́ẹ̀tì a sì dí i lẹ́nu. Kí a gbé e sórí tábìlì tàbí orí pèpéle kékeré. Bí ẹnikẹ́ni bá ń mu sìgá nínú yàrá náà, ọ̀dà èéfín yóò lẹ eruku mọ́ ara fáànù débi pé búrọ́ọ̀ṣì kò ní ràn án mọ́.

Ìgbà tí a bá wá fẹ́ nu eruku tí ó ti wọlé kúrò ni a máa ń ba nǹkan jẹ́ jù. Ẹ má ṣe ti ẹnu ẹ̀rọ afaeruku ilé bọ inú àpótí, nítorí pé bí eruku ṣe ń fi ara gbo ike ẹnu rẹ̀, iná mànàmáná ń gbára jọ síbẹ̀, ó sì lè ta lu àwọn ègé kéékèèké orí motherboard. Búrọ́ọ̀ṣì onírun rírọ̀ àti afẹ́fẹ́ inú agolo ni ó yẹ, lẹ́yìn tí a bá ti pa kọ̀ǹpútà, tí a yọ wáyà iná rẹ̀, tí a sì gbé e lọ síta kí eruku tí a fẹ́ dànù má baà tún padà sínú yàrá kan náà. Kí agolo náà dúró ṣánṣán lọ́wọ́ wa: bí a bá dorí rẹ̀ kodò, ohun olómi tí ó tutù gan-an ni yóò tú jáde, irú ohun tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ agolo wọ̀nyí sì lè gbiná. Kí a fi ìka di abẹ fáànù mú nígbà tí a bá ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, nítorí pé bí ó bá sáré kọjá agbára rẹ̀, ìdí tí ó ń yí lé lórí lè bàjẹ́. Ní ti power supply, ẹnikẹ́ni má ṣe tú u. Iná tí ó lè ju volt 300 lọ lè wà nínú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí a ti yọ wáyà, ó sì lè pa ènìyàn. Ojú ihò rẹ̀ láti ìta ni kí a ti fẹ́ eruku rẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ kì í dé ni àárín fáànù processor àti irin ẹlẹ́lẹ̀ẹ́lẹ̀ tí ó ń fa ooru. A ó nu abẹ fáànù títí yóò fi máa dán, a ó sì gbà pé iṣẹ́ ti parí, nígbà tí eruku ti tẹ́ lẹ bí òwú tí a tẹ̀ mọ́lẹ̀ sí ojú irin náà lẹ́yìn fáànù, tí afẹ́fẹ́ kò lè kọjá mọ́. Ọ̀pọ̀ processor òde òní a máa dín eré wọn kù fúnra wọn bí ooru bá ti súnmọ́ 95°C sí 100°C, nítorí náà ohun tí a rò pé ó jẹ́ ogbó kọ̀ǹpútà lè jẹ́ eruku yìí. Kí a yọ fáànù náà nìkan bí ó bá ṣeé yọ, kí a ṣí eruku náà kúrò lódidi, kí a sì fi irin náà sílẹ̀ lórí processor. Bí a bá ṣí irin náà, a ní láti nu ọ̀dà tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ (thermal paste, èyí tí ń gbé ooru láti processor lọ sára irin náà), kí a sì fi tuntun sí i.

Ṣíṣí àpótí ní gbogbo ìgbà kò dára bákan náà. Lẹ́yìn tí a bá ti nu ún mọ́, kí a wo bí processor ṣe gbóná tó nígbà tí a bá ń ṣe iṣẹ́ kan tí a máa ń ṣe déédéé, kí a sì kọ iye náà sílẹ̀. Bí iṣẹ́ kan náà, nínú yàrá kan náà, bá ti ń mú un gbóná tó 10°C ju iye yẹn lọ, ìgbà náà ni kí a tún mú búrọ́ọ̀ṣì.